Súwíìsì ìkọ̀kọ̀ inú Camry mi: ó ti parí o

Ẹ kú àdúrótì. Mo bèèrè níjọ́sí bí mo ṣe lè ṣe súwíìsì ìkọ̀kọ̀ tí olè ò fi ní lè gbé Camry mi lọ. Rìwáyà kan, oníṣẹ́ iná mọ́tò, ní Tákìé, Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ti bá mi ṣe é. Wáyà iná pọ́ọ̀ǹpù epo la gé, a wá fi ríléè 40A (súwíìsì tí iná kékeré fi ń tan iná ńlá) àti fíúùsì sí i. Ríléè ló ń ru iná tó pọ̀, wáyà súwíìsì ò ní gbóná.

Tí mo bá pa súwíìsì náà, ẹ́ńjìnì á máa yí kìkìkì, kò ní sítáàtì. Epo tó ṣẹ́kù nínú páìpù lè jẹ́ kó kọ́kọ́ sítáàtì díẹ̀ kó tó kú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní wáyà sítátà tó ń yí ẹ́ńjìnì ni ká gé, ẹ ṣeun, àmọ́ olè tó mọṣẹ́ lè fún sítátà níná tààrà.

Ọwọ́ ara mi ni mo fi ki súwíìsì síbi tó wà. Èmi àtìyàwó mi nìkan la mọ̀ ọ́n, ẹ má bínú.