Ìrírí wa lórí yíyan BCD tí ó bá ara mu

Àrẹ̀mọ Odò
Ẹ̀yin àgbà, mo fẹ́ ra BCD tèmi, ìyẹn ẹ̀wù tí ó ń gbé sílíńdà afẹ́fẹ́ òmòòkùn, tí a sì ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí kí a lè léfòó, nítorí pé ó ti sú mi láti máa yá ti ẹlòmíràn lò. Báwo ni ẹ ṣe yan tiyín, kí sì ni ojú yín rí?

Bàbá Ìjìnlẹ̀
Orí ẹ̀wù fẹ́ẹ́rẹ́ ni mo ti wọ àkọ́kọ́ tí mo rà wò, ó sì bá mi mu rẹ́gí. Ọjọ́ tí mo dé orí omi, tí mo ti wọ aṣọ rọ́bà tí ó nípọn tó mìlímítà 7 sábẹ́ rẹ̀, tí mo sì fẹ́ afẹ́fẹ́ kún un kí n lè léfòó, ńṣe ni ó há mi láyà gádígádí, tí n kò lè mí kanlẹ̀ títí mo fi tú ìdè àyà rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, aṣọ ìmòòkùn mi ni mo máa ń kọ́kọ́ wọ̀, n ó wá fẹ́ afẹ́fẹ́ sí BCD náà títí fáàfù rẹ̀ yóò fi máa tú u jáde fúnra rẹ̀, kí n tó mí kanlẹ̀ wò.

Ìyá Ẹja
Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó ṣe mí!

Ọmọ Òkun
Ìdí nìyẹn tí mo fi yan irú èyí tí àpò afẹ́fẹ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn nìkan. Kì í fún àyà rárá.

Ìyá Ẹja
Àbúrò, ojú omi ńkọ́? Èyí tí mo yá lò ń tì mí dojú bolẹ̀ ṣáá.

Ọmọ Òkun
Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ni ó pọ̀ jù, mà. Ẹ fi ìwọ̀n tí yóò gbé àgbọ̀n yín kúrò lómi sí i, kí ẹ sì kó díẹ̀ nínú òjé tí ẹ fi ń rì sẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ sílíńdà.

Àrẹ̀mọ Odò
Ṣé kò ní yí ènìyàn sójú òkè bí ó bá dákú ni?

Bàbá Ìjìnlẹ̀
Má gbà á gbọ́ láé, ọmọ mi. BCD kì í ṣe jákẹ́ẹ̀tì agbẹ̀mílà, ì báà jẹ́ èyí tí ó yí ara ká tàbí èyí tí ó wà lẹ́yìn. Ẹni tí ẹ jọ mòòkùn ni yóò gbé orí rẹ sókè.

Olójé
Ẹ má gbàgbé ọ̀rọ̀ òjé. Ní mítà 10, ìfúnpá ti di ìlọ́po méjì ti ojú omi, aṣọ rọ́bà á sún kì, kò sì ní gbé ènìyàn fò mọ́ bíi ti òkè. Ẹni tí ó bá di òjé àdìjù ni yóò máa wá BCD ńlá kiri.

Ìyá Ẹja
Kí o sì rẹ bẹ́líìtì sílíńdà sómi kí o tó fún un. Mo fún tèmi ní gbígbẹ lẹ́ẹ̀kan, ó nà nínú omi, sílíńdà sì yọ̀ bọ́ sí mi nídìí.

Àrẹ̀mọ Odò
Ẹ ṣeun, mà. Ṣé kí n mú òjé dání bí mo bá ń lọ wọ̀ ọ́ wò?

Bàbá Ìjìnlẹ̀
Mú u dání. Kó o sínú àpò rẹ̀, kí o bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa, kí o wò ó bóyá BCD náà yóò yọ́ wá sí ọrùn rẹ.