Fọ́tò ọkọ̀ ogun tó rì sínú omi tútù: ẹ bá mi wo ohun tó ṣe fíìmù àbúrò mi

Ọmọ Onífọ́tò, Iléṣà:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà onífọ́tò. Ẹ̀gbẹ́ ọjà Atákúnmọ́sà ni mo wà, nínú ṣọ́ọ̀bù tí bàbá wa fi sílẹ̀. Yàrá òkùnkùn tí wọ́n fi ń fọ fọ́tò ṣì wà lẹ́yìn, iná pupa wọn ṣì ń tàn. Ibẹ̀ ni èmi àti àbúrò mi ọkùnrin ti kọ́ṣẹ́. Aberdeen ló wà báyìí, ó ń ṣe nọ́ọ̀sì, ó sì ti di amòòkùn. Ó ra kámẹ́rà Nikonos V tòkunbọ̀, èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún inú omi, pẹ̀lú lẹ́ǹsì 35 mílímítà tó bá a wá àti fíláàṣì tó so mọ́ ẹ̀gbẹ́ lẹ́ǹsì náà.

Lọ́dún tó kọjá ó lọ sí Scapa Flow, láàárín àwọn erékùṣù Orkney lókè Scotland. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun ojú omi Jámánì ti mọ̀ọ́mọ̀ ri ọkọ̀ ogun ara wọn ní ọjọ́ 21 oṣù kẹfà ọdún 1919. Ọkọ̀ 74 ló wà níbẹ̀, 52 ló rì. Wọ́n ti hú ọ̀pọ̀ jáde láti ta irin wọn, ṣùgbọ́n díẹ̀ ṣì wà nísàlẹ̀. Cöln, ọ̀kan lára àwọn ọkọ̀ ogun náà, ni àbúrò mi lọ bá, ó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ ní nǹkan bíi mítà 35 sísàlẹ̀. Ó ní aago ọwọ́ òun kọ dígírì 9 Celsius fún bí omi ṣe tutù tó, ètè òun kú, òun ò mọ̀ bóyá ìka òun wà lórí kámẹ́rà tàbí kò sí.

Ó fi fíìmù HP5 méjì, fíìmù dúdú-àti-funfun, rán ẹni tó ń bọ̀ wálé fún Kérésì, ó sì bẹ̀ ẹ́ kó gbé e dání, kó má kó o sínú àpótí tí wọ́n ń jù sábẹ́ ọkọ̀ òfurufú, torí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò máa ń ba fíìmù jẹ́. Ó fẹ́ kó jẹ́ inú yàrá bàbá wa ni mo ti máa fọ̀ ọ́. Omi ẹ̀rọ wa kì í tutù tó, torí náà mo fi píọ̀wọ́tà dídì yí táńkì ká títí oògùn fi dé dígírì 20, mo sì ń ka ìṣẹ́jú bí wọ́n ṣe kọ́ wa.

Nígbà tí mo fà á jáde, ọkàn mi kọ́kọ́ fò fáyọ̀. Fọ́tò kẹtàdínlógún: ẹnì kejì rẹ̀ tí wọ́n jọ mòòkùn na ìbọ̀wọ́ tó nípọn sára irin ọkọ̀ náà, ìfófòó èémí rẹ̀ ń gòkè lọ bí ìlẹ̀kẹ̀ tó já. Àmọ́ bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́ sórí pépà, àmì funfun kéékèèké ló bo gbogbo rẹ̀, bí ẹni da gààrí sí i. Ojú ọkùnrin náà kò sì mú. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò kàn yà á láìfarabalẹ̀. Kámẹ́rà yìí kì í jẹ́ kéèyàn rí bóyá àwòrán mú, ńṣe lèèyàn á díwọ̀n bí nǹkan ṣe jìnnà tó, á fọwọ́ yí lẹ́ǹsì sí i. Àbúrò mi ta kókó sára okùn ní mítà kọ̀ọ̀kan, òun àti ẹnì kejì rẹ̀ á nà án láàárín ara wọn. Tó bá jẹ́ 2, á yí i sí 2.

Nínú fọ́tò 72, mẹ́rin péré ló ṣeé wò. Oṣù kẹjọ ló ń padà lọ. Fíìmù kò ṣeé pààrọ̀ lábẹ́ omi, 36 ló máa bá a wọlé, 36 náà ló máa bá a jáde. Ṣé èmi ni mo fọ̀ ọ́ dànù ni, àbí kí la ṣe?

Bàbá Lágéré, Ilé-Ifẹ̀:

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Bàbá rẹ á sùn dáadáa níbi tí wọ́n wà.

Kì í ṣe fífọ̀ ló bà á. Tó bá jẹ́ oògùn ni, àmì yẹn á wà létí fíìmù náà, níbi tí ihò wà. Wò ó, mo mọ̀ pé etí rẹ̀ mọ́ tónítóní. Fíláàṣì ni. Ṣé o ti wa mọ́tò rí láàárọ̀ ọyẹ́ láti Iléṣà lọ sí Àkúrẹ́? Tóo bá tan iná ńlá, kùrukùru nìkan lo máa rí, torí iná náà ń lu eruku tó wà níwájú rẹ, ó ń padà sójú rẹ. Inú omi náà ní eruku tirẹ̀. Àbúrò rẹ so fíláàṣì mọ́ ẹ̀gbẹ́ lẹ́ǹsì. Kó fi apá gígùn gbé e jìnnà sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó sì yí ojú rẹ̀ síta díẹ̀, kó lè jẹ́ pé etí ìmọ́lẹ̀ nìkan ló kan ẹni tó ń yà.

Ọ̀rọ̀ òtútù: ó ń pa bátìrì. Nikonos V ní ibì kan tí wọ́n kọ M90 sí, ibẹ̀ kì í lo bátìrì rárá, á sì bá fíláàṣì ṣiṣẹ́. Kó fi síbẹ̀ kó tó wọ omi, torí ìbọ̀wọ́ ò ní jẹ́ kó lè yí i nísàlẹ̀.

Tó bá jáde, kó nu irun orí àti ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ kó tó ṣí kámẹ́rà. Ẹ̀kán omi iyọ̀ kan tó. Irun ẹyọ kan lórí òrùka róbà rẹ̀ náà tó láti gba omi wọlé. Tí omi bá wọ fíìmù, kó má sá a gbẹ o! Inú omi tí kò níyọ̀ ni kó fi í sí títí wọ́n á fi fọ̀ ọ́. Tó bá ti gbẹ ní kíká, ó ti lẹ̀ mọ́ra wọn nìyẹn.

Ìyá Ìbejì, Stockholm:

Bàbá, mo kúnlẹ̀ kí yín. Ọmọ Ìrèmọ ni mí, Ifẹ̀ lẹ ti rí mi yìí. Ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ: ní tèmi, kó fi fíláàṣì sílẹ̀ nílé.

Mo ti ń mòòkùn nínú òkun Baltic níbí fún ọdún mẹ́sàn-án. Iyọ̀ omi wa kéré, kòkòrò tó ń jẹ igi ọkọ̀ kò lè gbé inú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Vasa tó rì níbí ní 1628 fi ṣì jẹ́ odindi ọkọ̀ nígbà tí wọ́n gbé e sókè ní 1961. Ọkọ̀ onígi wà tí mo ti fọwọ́ kàn tí ọ̀pó rẹ̀ ṣì dúró. Fíláàṣì kan ò lè tan ìmọ́lẹ̀ sí irú nǹkan ńlá bẹ́ẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó ń ti òkè wá ni mò ń lò. Mo máa ń ya HP5, tí agbára rẹ̀ láti gba ìmọ́lẹ̀ jẹ́ 400, bíi pé 1600 ni, ẹni tó ń fọ̀ ọ́ á wá fi nǹkan bí ìlọ́po méjì ìṣẹ́jú fọ̀ ọ́. Èmi a sì ní kí ẹnì kejì mi lọ dúró lẹ́yìn ọ̀pó pẹ̀lú iná ọwọ́. Láìsí èèyàn nínú rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ bí ọkọ̀ náà ṣe tóbi tó.

Ti okùn: àbúrò mi, ibẹ̀ gan-an ni. Omi ń tan ojú. Ohun tó wà ní mítà 4 á jọ mítà 3 lójú ẹni tó wà lẹ́yìn gíláàsì, á sì tóbi sí i. Ẹ̀yìn gíláàsì ni lẹ́ǹsì náà wà, ohun tí ojú rí ni òun náà ń rí. Bí okùn bá sọ 2, kó yí i sí 1.5. Ẹ gbé nẹ́gẹ́tíìfù yín síwájú iná, ẹ máa rí i pé ohun tó wà lẹ́yìn ọkùnrin yẹn ló mú.

Lẹ́ǹsì 35 sì ń lé e jìnnà jù. Kí odindi amòòkùn tó gbà sínú rẹ̀, á ti tó nǹkan bíi mítà 3, ìdọ̀tí mítà 3 ló wà láàárín wọn yẹn. Lẹ́ǹsì 15, tó ń gba ibi tó fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, á jẹ́ kó sún mọ́ ọn tó mítà 1. Ó wọ́n, torí láti 2001 ni Nikon ò ti ṣe kámẹ́rà yẹn mọ́, ṣùgbọ́n tí mo bá ní owó fún ohun kan ṣoṣo, òun ni màá rà.

Bàbá Lágéré, Ilé-Ifẹ̀:

Ìyá Ìbejì, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n 1600 á pa gbogbo ibi tó ṣókùnkùn lára irin yẹn, á dúdú bí èédú. Kó ya ìdajì pẹ̀lú fíláàṣì ní fíìmù kan, kó fi fíìmù kejì ṣe tìrẹ.

Ọmọ Modákẹ́kẹ́:

Ẹ dákun, ẹ sọ fún un kó má tìtorí fọ́tò wọ inú ọkọ̀ yẹn ní òun nìkan. Ẹ rántí Harrison Okene, alásè tó wà nínú ọkọ̀ Jascon-4 tó dojú dé létíkun wa ní oṣù karùn-ún 2013. Nǹkan bí ọgọ́ta wákàtí ló lò ní mítà 30 sísàlẹ̀ kí àwọn amòòkùn tó ń wá òkú tó bá a láàyè. Omi ilẹ̀ wa tó lọ́wọ́ọ́wọ́ nìyẹn o, òtútù sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á.

Ọmọ Onífọ́tò, Iléṣà:

Mo dọ̀bálẹ̀, Bàbá. Ìyá Ìbejì, ẹ ṣeun púpọ̀. Etí fíìmù mọ́ lóòótọ́. Mo gbé fọ́tò kẹtàdínlógún síwájú iná, mo fi gíláàsì bàbá wa wò ó. Ojú ọkùnrin náà ò mú, ṣùgbọ́n lẹ́yìn èjìká rẹ̀, orí àwọn ìṣó irin ọkọ̀ náà mú débi pé mo lè kà wọ́n: mọ́kànlá.

Mo pe àbúrò mi lóru àná. Ó ní kí n ka ti okùn yẹn fún òun lẹ́ẹ̀kejì, ó dákẹ́ fúngbà díẹ̀, ó wá bèèrè bóyá píọ̀wọ́tà ṣì ń dì dáadáa nínú fírísà ṣọ́ọ̀bù.