Kí ni iṣẹ́ fíkà gan-an, kí sì ni tiwa? PCC wa ti fẹ́ẹ́ dìjà lórí ẹ̀

ÌyáTèmi_Lugbe:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin tèmi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ nínú Áńgílíkà lọ̀rọ̀ yìí bá wí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi mí ṣẹ̀sín. Lugbe la ń gbé ní Àbújá níbí, ìjọ wa ò tóbi, ìsìn Yorùbá la kọ́kọ́ máa ń ṣe láàárọ̀ kùtù kó tó kan ti Gẹ̀ẹ́sì, àwọn Igbo pọ̀ nínú wa, àwọn ará Kogí náà wà, fíkà wa, ìyẹn àlùfáà tó ń darí ìjọ, Igbo ni àmọ́ ọkùnrin náà ń gbìyànjú, ó ti ń ka Ìwé Àdúrà Yorùbá látòkè délẹ̀, kìkì pé tó bá dórí ohùn, Ọlọ́run nìkan ló mọ ohun tó ń tọrọ fún wa 😂

Lẹ́yìn Àjíǹde ni wọ́n dìbò yàn mí ní wọ́dìn, ìyẹn ọ̀kan nínú aṣojú ìjọ méjì, ti àwọn èèyàn ni tèmi, torí fíkà ti mú tiẹ̀. Mítìn PCC (ìgbìmọ̀ ìjọ) àkọ́kọ́ tí mo jókòó sí, èmi rò pé a máa ka mínítì, ká gbàdúrà, kí kálukú máa lọ sílé ẹ̀. Háà. Bàbá kan dìde, wọ́n ní àwọn wà lọ́sibítù títí wọ́n fi dá àwọn sílẹ̀, fíkà ò yọjú. Ìyá kan ní ó lọ síbi ìṣílé ẹnì kan ní Gwarinpa àmọ́ kò wá sí tàwọn ní Lugbe níbí tó jẹ́ ìtòsí, ṣé torí pé àwọn ò lówó ni. Ẹlòmíì ní kọntirakitọ tó ń kọ́ họ́ọ̀lù ti gbowó, kò gbé fóònù mọ́, fíkà ń wò ó níran. Ẹnì kan tún mú ọ̀rọ̀ dísù jẹnẹrétọ̀ wá. Ọkùnrin náà ò fèsì o, ó ṣáà ń kọ gbogbo ẹ̀ sínú ìwé kékeré kan, nígbà tí wọ́n sọ tán ó ní ẹ ṣé, ẹ jẹ́ ká ṣe oore-ọ̀fẹ́.

Òun nìkan ni àlùfáà tá a ní, kò ní kúréètì tó ń ràn án lọ́wọ́, ó sì tún ń bójú tó ìjọ kékeré kan lọ́nà Kuje tó jẹ́ pé kátíkísì, tí kì í ṣe àlùfáà, nìkan ló ń gbé ibẹ̀. Ní Àkúrẹ́ tí mo dàgbà sí, ìjọ ńlá ni, àlùfáà pọ̀ níbẹ̀, mi ò tiẹ̀ ronú kan ẹni tó ń ṣe kí. Ìbéèrè mi nìyí: nínú gbogbo ohun tí wọ́n kà sílẹ̀ yẹn, èwo ni iṣẹ́ fíkà, èwo ni tèmi tí wọ́n yàn ní wọ́dìn? Mítìn míì ti ń bọ̀.

Baba_Kàdúná:
Ìyá Tèmi, ẹ kú oríire ipò tuntun, Olúwa á ràn yín lọ́wọ́. Mo ti ṣe wọ́dìn rí ní Kàdúná, mo sì ti rí fíkà oríṣiríṣi, àwọn tó dáa àtàwọn tá a fi àdúrà lé lọ.

Ẹ jẹ́ n ti ibi tí wọ́n ti ń fi wọ́n jẹ àlùfáà bẹ̀rẹ̀. Kí bíṣọ́ọ̀bù tó gbọ́wọ́ lé ẹnì kan lórí, ọ̀rọ̀ kan wà nínú ètò ìsìn yẹn tó máa kà sí i létí lójú gbogbo ìjọ, pé ońṣẹ́ Olúwa ni, olùṣọ́ ni, ìríjú ni, kó máa kọ́ni, kó máa kìlọ̀, kó máa bọ́ agbo ilé Olúwa, kó sì máa wá àwọn àgùntàn tó ti fọ́n káàkiri. Ẹ wá kọntirakitọ nínú ẹ̀, ẹ ò ní rí i. Ẹ wá dísù. Lẹ́yìn ìyẹn, ohun mẹ́ta wà tí ẹlòmíì ò lè bá a ṣe nínú ìjọ: yíya búrẹ́dì àti wáìnì sí mímọ́, kíkéde ìdáríjì ẹ̀ṣẹ̀, àti sísúre fún ìjọ. Wọ́dìn ò lè ṣe é, kátíkísì ò lè ṣe é bó ti wù kí ohùn ẹ̀ dùn tó. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tí fíkà yín ò bá dé ọ̀nà Kuje yẹn, àwọn ará ibẹ̀ ò ní gba kọmúníọ̀n àyàfi tí dàóṣíìsì (àgbègbè tí bíṣọ́ọ̀bù ń darí) bá rán àlùfáà míì sí wọn.

Ti bàbá tó wà lọ́sibítù ńkọ́. Bíbẹ aláìsàn wò, iṣẹ́ fíkà ni, kò sí àwáwí níbẹ̀. Àmọ́ Ìwé Àdúrà ti 1662, níbi ètò ìbẹ̀wò aláìsàn, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ kọ síbẹ̀ ni pé bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣàìsàn, kí wọ́n fi tó àlùfáà ìjọ létí. Ta ló fi tó o létí? Ní Àbújá tí kálukú ń ti gétì mọ́rí, èèyàn á lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́sibítù, ẹni tí wọ́n jọ ń gbé kọ́ńpáńdì ò ní mọ̀. Wọ́n á wá máa rò pé Ẹ̀mí Mímọ́ ló yẹ kó fóònù fíkà.

Èyí tí mi ò lè gbàgbé láéláé ni ti oṣù kejì ọdún 2000, nígbà rògbòdìyàn Ṣàríà ní Kàdúná. Bí ìlú ṣe rọlẹ̀ díẹ̀ báyìí, fíkà wa gbé ìwé orúkọ ìjọ sábẹ́ apá, èmi àti ẹ̀ jọ ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, ó ń fi bírò sàmì sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ: èyí wà láàyè, èyí wà ní bárékè, èyí ti kó ọmọ lọ sí Ìlọrin, ilé èyí ti jó. Kò wàásù fún ẹnikẹ́ni. Ibi tí wọ́n bá ti ń sunkún, á jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú wọn. Ilé mẹ́ta kan wà lọ́nà tí a ò rí ẹnì kankan bi, ó ń padà síbẹ̀ ṣáá. Mi ò rántí ìwàásù ẹ̀ kan báyìí, àmọ́ tí wọ́n bá bi mí pé ta ni fíkà, òun ni mo máa dárúkọ.

Adé_Nyanya:
Bàbá, ẹ ṣeun sà, mo bọ̀wọ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ìkórè, ìdúpẹ́, owó ilé kíkọ́, owó sínọ́ọ̀dù, àsẹ́sìmẹ́ǹtì, kò sí Sunday tí wọn kì í kéde owó. A fún fíkà nílé, a ń ra epo sí mọ́tò ẹ̀, tó bá wá di pé kó wá kí mi, wọ́n á ní mi ò fi tó o létí. Àwọn pásítọ̀ ìjọ tuntun tó wà ládùúgbò wa ní Nyanya níbí, tí ọmọ ẹ bá ní ibà lásán, wọ́n ti pè ẹ́ kó o tó dé kẹ́mísì. Ẹ wo àwọn ọ̀dọ́ wa, wọ́n ti kó lọ sọ́dọ̀ wọn tán. Olùṣọ́ tẹ́ ẹ ní wọ́n kà sí i létí yẹn, ṣé àga tí ẹnì kan ti ń jókòó sí láti ọdún mẹ́wàá á ṣófo fún odidi oṣù kan, kó má bi ẹnì kankan léèrè? Èmi ò ní kó wá dá kọntirakitọ lóhùn o. Kó ṣáà mọ orúkọ mi.

Ìyáàlùfáà_Minna:
Bọ̀dá Nyanya, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀dùn ọkàn yín yé mi. Ọ̀rọ̀ àga tó ṣófo yẹn, òótọ́ pọ́ńbélé ni, mi ò ní jiyàn ẹ̀. Ọ̀rọ̀ Gwarinpa náà, mi ò ní gbè é, àwọn kan wà nínú wọn tí wọ́n mọ ọ̀nà ilé olówó ju ọ̀nà fẹ́sìtìrì (yàrá àlùfáà ní ṣọ́ọ̀ṣì) lọ, a mọ̀ wọ́n.

Àmọ́ ẹ jẹ́ n sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé fíkà láàárín ọ̀sẹ̀ tẹ́ ẹ ò sí níbẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ọkọ mi ti ń ka àdúrà òwúrọ̀, torí Ìwé Àdúrà ló ní kí àlùfáà máa ṣe ti òwúrọ̀ àti tìrọ̀lẹ́ lójoojúmọ́, èèyàn wà níbẹ̀ o, kò sí o. Kó tó pa ìwé dé, fóònù ti ń dún. Ẹnì kan ní bàbá òun kú, ìjọ ilé wọn ní Ìjẹ̀ṣà ní àwọn ò ní sin ín láìrí lẹ́tà láti Minna pé ọmọ ìjọ tó ń sanwó ni, òkú sì ń lọ lọ́la, ẹ bá wa kọ ọ́ báyìí báyìí sà. Lẹ́tà sí ilé yìí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè Ọya, ẹ mọ̀ ọ́n, tí fíkà ò bá kọ ọ́ dáadáa ìtìjú dé bá gbogbo ẹbí. Kò tíì kọ ọ́ tán, tọkọtìyàwó kan ti wọlé, ìyàwó ò wọ bàtà, kálukú fẹ́ kó dá ẹnì kejì lẹ́bi. Èmi á kàn po gàárì fún wọn, màá ti ilẹ̀kùn. Ohun tí wọ́n bá sọ fún un níbẹ̀ kì í dé etí mi, mo ti bi í títí mo ti sú.

Tó bá ń lọ bá aláìsàn, àpótí dúdú kékeré kan ló máa ń gbé. Ife fàdákà kan wà nínú ẹ̀ tí ò ju àtàǹpàkò lọ, ìgò wáìnì tó rí bí ìgò oògùn ojú, agolo pẹlẹbẹ tí wáfà wà, àti aṣọ funfun mẹ́rin tí èmi máa ń fọ̀ lọ́tọ̀, tí mi ò jẹ́ kí ọmọ-ọ̀dọ̀ fọwọ́ kàn. Ó ti tẹ́ ẹ sórí kọ́bọ́ọ̀dù ọsibítù ìjọba rí, láàárín ike omi àti káádì dọ́kítà, ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì jẹ́ Mùsùlùmí, ó ní káwọn bá òun náà gbàdúrà. Ó ṣe é. Kò kéde ẹ̀ ní Sunday.

Ti owó àsẹ́sìmẹ́ǹtì yẹn, dàóṣíìsì ló ń dá iye tí ìjọ kọ̀ọ̀kan máa san, tí kò bá pé, fíkà ni wọ́n máa bi. Ẹ má rò pé àpò wa ló ń lọ.

Dìákónì_Gwagwalada:
Mo kí gbogbo yín o, ẹ̀yin àgbà. Èmi ṣì jẹ́ dìákónì, mi ò tíì di àlùfáà, Wusasa ní Zaria ni mo ti kàwé. Mo lè wàásù tí wọ́n bá fún mi láyè, mo lè ran àlùfáà lọ́wọ́ nídìí tábìlì, mo lè ṣe ìsàmì ọmọ tí àlùfáà ò bá sí, àmọ́ ohun mẹ́ta tí Bàbá kà yẹn, ó ṣì kọjá mi. Nítorí náà ìyá wa, tí dàóṣíìsì bá tiẹ̀ fún yín ní kúréètì tó jẹ́ dìákónì, ọ̀nà Kuje ṣì máa dúró de fíkà o.

Ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni ò tíì mẹ́nu bà, ìyẹn ni pé fíkà tún wà lábẹ́ òfin ìjọba. Ẹ mú ìgbéyàwó. Yàtọ̀ sí ìkéde tí wọ́n ń ṣe ní Sunday mẹ́ta, òfin ìgbéyàwó Nàìjíríà ní ibi ìjọsìn tí wọ́n fún ní láísẹ́ǹsì ló gbọ́dọ̀ jẹ́, láàárín aago 8 àárọ̀ sí aago 6 ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀kùn gbọ́dọ̀ ṣí sílẹ̀, ẹlẹ́rìí ò gbọ́dọ̀ dín ní méjì yàtọ̀ sí àlùfáà, kò sì gbọ́dọ̀ so wọ́n pọ̀ láìrí ìwé ẹ̀rí láti ọ̀dọ̀ régísítírà tàbí láísẹ́ǹsì láti ọ̀dọ̀ mínísítà ìjọba. Lẹ́yìn náà kó tún fi ẹ̀dà ìwé náà ránṣẹ́ sí régísítírà. Tẹ́ ẹ bá rí fíkà tó ń bá ẹbí ọkọ fa ọ̀rọ̀ ní Friday torí ìwé, kì í ṣe wàhálà ló ń wá.

Ìsàmì náà ńkọ́. Ìwé Àdúrà ní tó bá jẹ́ ọmọkùnrin, kó ní bàbá ìsàmì méjì àti ìyá kan, tó bá jẹ́ obìnrin kó jẹ́ ìyá méjì àti bàbá kan. Ní Àbújá wọ́n á kó ọ̀rẹ́ ọ́fíìsì wá, ẹnì kan nínú wọn ò tíì ṣe ìsàmì tiẹ̀ rí. Fíkà ló máa bi wọ́n léèrè, fíkà ni wọ́n á sì pè ní òǹrorò.

Ilé, owó, jẹnẹrétọ̀, kíka owó igbá, ètò ìjókòó, tẹ̀yin wọ́dìn àti PCC nìyẹn, bó tiẹ̀ jẹ́ pé fíkà ni alága PCC. Tí fíkà fúnra ẹ̀ ò bá ṣe dáadáa, PCC ò lè lé e, bíṣọ́ọ̀bù ló rán an wá. Ẹ̀yin wọ́dìn ló máa gbé e dé ọ̀dọ̀ akídíákónì (àlùfáà àgbà tó wà lábẹ́ bíṣọ́ọ̀bù) tàbí bíṣọ́ọ̀bù.

ÌyáTèmi_Lugbe:
Ẹ ṣeun púpọ̀, orí yín á máa dára. Mo fóònù bàbá ọsibítù lánàá. Wọ́n ní àwọn rò pé gbogbo ìjọ ló mọ̀, ṣebí ó wà lórí WhatsApp ẹgbẹ́ ọkùnrin. Mo lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Fíkà ò sí nínú grúùpù yẹn o! Wọ́n ti yọ ọ́ tipẹ́ kí wọ́n lè ráyè sọ̀rọ̀ ẹ̀ 🤦🏾‍♀️ Mo ti ní kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yan ẹnì kan tí á máa fi orúkọ ẹni tó ń ṣàìsàn àti ẹni tí a ò rí ránṣẹ́ sí i ní gbogbo Monday, ọ̀rọ̀ Bọ̀dá Nyanya ló jẹ́ kí n ronú kan ẹni tí a ò rí.

Ó wá ku kọntirakitọ. Wọ́dìn tó wà ṣáájú mi ló fọwọ́ sí àgíríímẹ́ǹtì, ó sì ti kó lọ sí Kánádà.

Adé_Nyanya:
Kánádà kẹ̀! Ẹ ti wọ̀ ọ́.

Baba_Kàdúná:
Ẹ pè é níbẹ̀, kó wá ẹ̀dà tiẹ̀ ránṣẹ́, kẹ́ ẹ sì wo fáìlì fẹ́sìtìrì dáadáa, wọ́n máa ń ki irú ẹ̀ sáàárín ìwé ìkórè. Ẹ gba sítétímẹ́ǹtì ní báǹkì kẹ́ ẹ mọ iye tó ti gbà gan-an. Lẹ́yìn ìyẹn kí wọ́dìn méjèèjì jọ lọ bá a níbi tó ń gbé, ẹ má mú fíkà dání. Tí kò bá gbọ́, ẹ kọ̀wé sí akídíákónì kí mítìn tó pé.