Wọ́n ti ilẹ̀kùn àwòrán ẹbí wa mọ́ mi síta: ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Àgbà:
Ẹ̀yin ará mi nínú ẹgbẹ́ yìí, mo kí yín. Ẹni ọdún 71 ni mí, n kì í sì í sá fún ohun tuntun, ṣùgbọ́n ohun tí ojú mi rí lọ́sẹ̀ yìí ti tó gẹ́ẹ́. Ibì kan ní kí n pààrọ̀ ọ̀rọ̀ ìwọlé mi. Mo kọ èyí tí mo lè rántí, wọ́n ní kò ní lẹ́tà ńlá. Mo fi lẹ́tà ńlá sí i, wọ́n ní kò ní àmì. Mo fi àmì sí i, wọ́n ní mo ti lò ó rí. Ibòmíràn kó àwòrán kéékèèké mẹ́sàn-án síwájú mi pé kí n tọ́ka sí gbogbo èyí tí iná ojú pópó wà nínú rẹ̀, kí wọ́n lè mọ̀ pé ènìyàn ni mí. Mo bímọ, mo tọ́ ọmọ, mo sìnkú, ẹ̀rọ wá ń bi mí bóyá ènìyàn ni mí! Kóòdù tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ kì í lò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Kí n tó rí awò ojú mi, àkókò rẹ̀ ti kọjá. Bí mo bá pe nọ́ńbà ìrànlọ́wọ́, ohùn ẹ̀rọ ni yóò máa ní kí n tẹ ení, kí n tẹ èjì.

Èyí tó dùn mí jù ni ti àwòrán ẹbí wa tí a kó pamọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí kò gbà mí wọlé mọ́. Wọ́n ní àwọn ti fi kóòdù ránṣẹ́, kóòdù náà kò sì dé. Kí ni kí n ṣe?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ẹ̀rọ:
Màmá, ẹ kú ìfaradà. Nọ́ńbà wo ni wọ́n ní àwọn fi kóòdù náà ránṣẹ́ sí? Wọ́n sábà máa ń fi òǹkà méjì tó gbẹ̀yìn rẹ̀ hàn. Ṣé nọ́ńbà tó wà lọ́wọ́ yín báyìí ni?

Olùkọ́ Tó Ti Fẹ̀yìntì:
Ọ̀rọ̀ ohùn ẹ̀rọ yẹn kàn mí gidigidi. Lóṣù tó kọjá, mo gbé fóònù sí etí òsì títí etí náà fi gbóná, mo gbé e sí ọ̀tún, orin kan náà ni wọ́n ń kọ sí mi létí, ohùn kan sì ń wí léraléra pé ìpè mi ṣe pàtàkì. Nígbà tí ènìyàn máa fi gbé e, ó ní ọ̀dọ̀ òun kọ́ ni, ó ta mí padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Mo jókòó, n kò lè sọ̀rọ̀.

Aya Olóyè:
Ẹ má bínú sí mi, ṣùgbọ́n àwa àgbà náà la ń fà á. Bí ẹ bá ti kọ ọ̀rọ̀ ìwọlé yín sínú ìwé, tí ẹ sì ń pààrọ̀ rẹ̀ lóṣooṣù bí wọ́n ṣe kọ́ wa, kò ní sí wàhálà kankan.

Olùkọ́ Tó Ti Fẹ̀yìntì:
Aya Olóyè, ẹ rọra. Ìlànà pípààrọ̀ lóòrèkóòrè yẹn ti kúrò nílẹ̀. Inú ìwé tí NIST, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣètò ìlànà ìmọ̀ ẹ̀rọ, gbé jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000 ni ó ti gbilẹ̀. Bill Burr tó kọ ìwé náà sọ ní 2017 pé òun kábàámọ̀ púpọ̀ nínú ohun tí òun kọ, ọdún yẹn gan-an sì ni àjọ náà sọ pé kí wọ́n yé fi túláàsì mú ènìyàn pààrọ̀ rẹ̀ láìnídìí. Ọ̀rọ̀ tó gùn tí ènìyàn lè rántí sàn ju ọ̀rọ̀ kúkurú tó kún fún àmì lọ.

Aya Olóyè:
Èmi kò bá yín jà. Mo ṣì sọ pé kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé.

Ìyá Àgbà:
Aya Olóyè, mo ní ìwé. Ìwé aláwọ̀ ewé ni, abẹ́ Bíbélì mi ló wà, gbogbo ọ̀rọ̀ ìwọlé mi ló sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tí mo kọ ọ́. Ẹ má pè mí ní aláìbìkítà. Bẹ́ẹ̀ náà ni fóònù mi kì í dá ìka mi mọ̀ mọ́, mo ní láti tẹ̀ ẹ́ bí ìgbà mẹ́rin. Ṣé ìyẹn náà jẹ́ ẹ̀bi mi?

Nọ́ọ̀sì:
Kì í ṣe ẹ̀bi yín rárá, Màmá. Bí a bá ti ń dàgbà, awọ ara máa ń gbẹ, ilà ìka sì máa ń fẹ́lẹ́, nítorí náà ẹ̀rọ kì í rí i kà dáadáa. Ẹ fi ìpara díẹ̀ ra ìka náà, kí ẹ sì forúkọ ìka mìíràn sílẹ̀ pẹ̀lú.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ẹ̀rọ:
Ẹ dákun, Màmá, ẹ kò tíì dáhùn ìbéèrè mi. Nọ́ńbà ta ni?

Ìyá Àgbà:
Ọmọ mi, mo rí ìbéèrè rẹ nígbà àkọ́kọ́. Nọ́ńbà bàbá àwọn ọmọ mi ni. Òun ló ṣí ibi àwòrán náà, orúkọ rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ó ti pé oṣù mẹ́rìnlá tó ti fi wá sílẹ̀. N kò sọ ọ́ nítorí n kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí di ọ̀rọ̀ ọ̀fọ̀. Mo pe nọ́ńbà náà lánàá, ọmọdé kan ló gbé e.

Aya Olóyè:
Ẹ forí jì mí, ìyá. Ọlọ́run yóò tù yín nínú.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ẹ̀rọ:
Ẹ kú àfẹ́kù, Màmá. Ọ̀rọ̀ ti yí padà báyìí. Bí a kò bá lo nọ́ńbà fún ìgbà pípẹ́, àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù máa ń fún ẹlòmíràn, nítorí náà ọ̀dọ̀ ọmọ yẹn ni kóòdù ń lọ. Ẹ má gbìyànjú mọ́, kí wọ́n má baà tì í pa pátápátá. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ní ọ̀nà tí ẹbí olóògbé lè gbà kọ̀wé sí wọn, wọn yóò sì béèrè ìwé ẹ̀rí ikú. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́: láti oṣù Kejìlá 2023, Google, fún àpẹẹrẹ, ti bẹ̀rẹ̀ sí í pa àkáǹtì tí ẹnikẹ́ni kò lò fún ọdún méjì rẹ́.

Nọ́ọ̀sì:
Ẹ̀yin tó kù tó ń kà èyí, ẹ tètè yan ẹni tí yóò máa bójú tó àkáǹtì yín lẹ́yìn ikú yín. Facebook gbé irú ètò bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ ní 2015, Apple sì ṣe tirẹ̀ ní 2021.

Olùkọ́ Tó Ti Fẹ̀yìntì:
Fóònù Bàbá ńkọ́? Ṣé ó ṣì wà?

Ìyá Àgbà:
Ó wà láàárín àwọn aṣọ rẹ̀. N kò tàn án láti ọjọ́ náà. Mo mọ nọ́ńbà tó fi tì í, nítorí èmi ni mo máa ń ṣí i fún un nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ẹ̀rọ:
A dúpẹ́! Ó ṣeé ṣe kí àkáǹtì náà ṣì wà ní ṣíṣí nínú rẹ̀, kí àwòrán náà sì wà níbẹ̀. Ẹ má pa ohunkóhun rẹ́, ẹ má sì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. Ẹ fi í sí iná, ẹ fi sùúrù dúró tì í, torí bátìrì tó ti kú tipẹ́ máa ń lọ́ra. Bí ó bá tàn, ẹ pè wá kí ẹ tó tẹ ohunkóhun.

Ìyá Àgbà:
Mo ti yọ fóònù náà láàárín aṣọ. Òórùn ìpara rẹ̀ ṣì wà lára àpò rẹ̀. Mo ti fi í sí iná, n kò kúrò nídìí rẹ̀. Àmì bátìrì pupa kan ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lójú rẹ̀ báyìí.