Kí ló ń mú kí aṣọ hunjọ níbi tí mo bá kó iṣẹ́ ewé sí?

ỌmọÌkẹ́rẹ́
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ abẹ́rẹ́. Mo ń fi ọwọ́ kó iṣẹ́ ewé sí ọrùn bùbá kan tí mo fẹ́ fún ìyá mi kí ọdún tó dé. Aṣọ òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, mo rà á ní Ọjà Ọba ní Adó, mo sì gé e lọ́jọ́ náà gan-an. Níwọ̀n ìgbà tí ó bá wà nínú férémù roboto tí mo fi ń nà án, ewé náà a tẹ́jú, a sì máa dán. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti tú u sílẹ̀, gbogbo àyíká rẹ̀ a hunjọ bí ojú arúgbó. Mo ti fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́ títí, kò gbọ́. Òwú onífọ́nrán mẹ́fà ni mo ń lò láìtú u. Ṣé abẹ́rẹ́ ni, ṣé òwú ni, àbí ọwọ́ mi?

ÌyáAránṣọ, Adó
Ọmọ mi, ọwọ́ rẹ ni, òwú náà sì dá kún un. Títú ni à ń tú fọ́nrán mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Méjì ti tó fún aṣọ fẹ́lẹ́. Fa wọ́n yọ níkọ̀ọ̀kan kí o tó pa wọ́n pọ̀, kí òwú tí o fi sí abẹ́rẹ́ má sì gùn ju láti orí ìka rẹ dé ìgúnpá, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 45, nítorí òwú gígùn a máa ta kókó.

Níbi bíbo ewé, ìyẹn fífi òwú kún inú rẹ̀, gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Bí òwú bá ti etí kan lọ tààrà sí etí kejì, tí ewé náà sì fẹ̀, ńṣe ni o na okùn lé orí aṣọ láìsí ohun tó dì í mú láàárín. Bí o bá wá fà á le díẹ̀, etí méjèèjì a máa wá ara wọn. Pín ewé náà sí méjì níbi iṣan àárín rẹ̀, kí òwú máa ti etí wá sí iṣan náà nìkan. Ṣáájú èyí, fi fọ́nrán kan ṣoṣo rán ìlà yí etí rẹ̀ ká, kí abẹ́rẹ́ máa la àárín òwú tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ fà kọjá. Òwú tí yóò bò ó yóò gba ìta ìlà yìí, etí ewé yóò sì gún régé.

OníjákànỌ̀yẹ́
Mo gbà pẹ̀lú ìyá wa, àmọ́ ṣé ẹ fọ aṣọ náà kí ẹ tó gé e? Aṣọ òwú tuntun a máa súnkì ní omi àkọ́kọ́, òwú tí ẹ fi kó iṣẹ́ kò sì ní bá a súnkì. Ẹ fi ọ̀já tínrín wé òrùka inú férémù kí aṣọ má baà yọ̀, kí ẹ sì máa tú u lálẹ́. Ní tèmi, n kò ní bo ewé náà rárá. Ẹ̀wọ̀n ni mo máa rán, tí ojóbó kan ń mú èkejì. Òun náà ló yẹ kíjìpá, tó nípọn tó láti dúró láìsí férémù.

ỌmọÌkẹ́rẹ́
Ẹ ṣé gan-an. N kò fọ̀ ọ́. Mo dán fọ́nrán méjì wò lórí àkísà, ewé náà sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Ṣùgbọ́n mo ti rẹ bùbá náà sómi lálẹ́ àná, òwú pupa sì ti tú àwọ̀ sí i.

ÌyáAránṣọ, Adó
Má ì tíì sá a, má sì lọ̀ ọ́. Dá a padà sínú omi tútù báyìí, kí o máa pààrọ̀ omi náà títí yóò fi mọ́.