Ẹ gbà mí, iye wo ni kí n pe àdìrẹ mi?

Ṣadé, Manchester: Ẹ̀yin ará ilé, ẹ gbà mí o. Ṣọ́ọ̀bù kan níbí fẹ́ ra ìborùn àdìrẹ ẹlẹ́kọ (èyí tí a fi ẹ̀kọ ya àwòrán sí ká tó rẹ ẹ́ láró) 40 lọ́wọ́ mi, kí àwọn náà tún un tà. Wọ́n ní kí n fi iye rẹ̀ ránṣẹ́ kílẹ̀ ọ̀la tó mọ́. £25 ni mò ń tà á fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa, ìdajì iye yẹn ni wọ́n fẹ́ san. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n.

Ìyá Ìbejì, Houston: Ṣadé, má tíì dá wọn lóhùn. Wákàtí mélòó lò ń lò lórí ẹyọ kan? Má ka ìgbà tí ẹ̀kọ ń gbẹ o. Ìgbà tí ọwọ́ rẹ wà lára aṣọ nìkan.

Ṣadé: Bíi mẹ́ta, mà. Ìyẹ́ adìyẹ ni mo fi ń kọ ọ́.

Láńre, Lọ́ńdọ̀nù: Wákàtí mẹ́ta! Ní April 2025, òfin níbí gbé owó tó kéré jù fún wákàtí kan dé £12.21 fún òṣìṣẹ́ tó bá ti pé ọmọ ọdún 21. Tìrẹ ti di £36.63, o ò tíì ra aṣọ, o ò tíì ra aró. Àbúrò, ìwọ lò ń sanwó fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì kí wọ́n tó wọ àdìrẹ.

Fúnkẹ́, Toronto: Ojú mi rí tèmi. Gálárì kan gba iṣẹ́ mi, wọ́n lẹ $180 mọ́ ọn: bó bá tà, a ó pín in sí méjì. Èmi wá ń ta irú rẹ̀ gan-an ní $90 lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo ní ṣebí $90 náà ló ń kàn mí. Oníbàárà wọn kan rí i. Wọ́n kó gbogbo ẹrù mi síta. Ọdún méjì ni mo fi wá gálárì mìíràn.

Dáre, Dublin: Kí ló kàn wọ́n nínú ohun tí Àǹtí Fúnkẹ́ ń tà nínú ilé ara wọn?

Láńre: Ó kàn wọ́n o. Àwọn ló ń san owó ṣọ́ọ̀bù, owó iná, owó ẹni tó ń dúró tajà. Bó o bá ń tà á ní ìdajì lẹ́yìn wọn, o ti sọ wọ́n di olè lójú oníbàárà.

Dáre: Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mi ò gbà. Ẹni tó níṣẹ́ ló ń dá iye lé e.

Fúnkẹ́: Dáre, èmi náà sọ bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn, mo sì fi omijé sọ ọ́. Ṣùgbọ́n wò ó: nínú $90 yẹn, Etsy, ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì tí mo ti ń tà á, mú 6.5%. Èmi ni mo ya fọ́tò, èmi ni mo dá oníbàárà lóhùn lóru, èmi ni mo di ẹrù. Iṣẹ́ gálárì ni mò ń ṣe, mi ò sì san owó rẹ̀ fún ara mi.

Ìyá Ìbejì: Aṣọ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ló ń bà á jẹ́ fún wa. Èmi máa ń yí aṣọ padà kí oníbàárà rí ẹ̀yìn rẹ̀ ni. Ti ẹ̀rọ, ẹ̀yìn rẹ̀ á ṣá. Tiwa, aró ti wọ̀ ọ́ dẹ́yìn.

Kúnlé, Berlin: Ṣadé, àwòrán wo lò ń kọ?

Ṣadé: Ìbàdàndùn, bọ̀dá mi. Pẹ̀lú òpó gbọ̀ngàn Màpó.

Kúnlé: Ọmọ Ìbàdàn! Òpó yẹn nìkan tó £100.

Fúnkẹ́: Ẹ rọra o. Ìtòkú ní Abẹ́òkúta ni ilé àdìrẹ.

Kúnlé: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi páànù tí wọ́n gé ní àwòrán tẹ ẹ̀kọ sáṣọ? Ọwọ́ là ń fi kọ tiwa.

Fúnkẹ́: Ta ló gé páànù náà? Ṣé kì í ṣe ọwọ́ Ẹ̀gbá ni?

Ìyá Ìbejì: Òṣogbo ń wo ẹ̀yin méjèèjì o.

Ṣadé: Ẹ jọ̀ọ́, iye wo ni kí n kọ? Aago mọ́kànlá ti lù.

Láńre: Bí aṣọ àti aró bá gba bíi £8, £45 ni fún ṣọ́ọ̀bù. Kí àwọn tà á ní £90. Ìwọ náà, £25 ti parí, títí kan pásítọ̀.

Dáre: Wọn ò ní san £45 lórí 40. Fún wọn ní 10 ná.

Ìyá Ìbejì: Bí ìyá mi bá fa aṣọ jáde nínú ìkòkò aró, àwọ̀ ewé ló máa ń ní. Afẹ́fẹ́ á wá sọ ọ́ di dúdú lójú wa. A máa ń sáré bọ̀ láti ilé ìwé ká lè bá a.

Ṣadé: Tèmi náà ń yí bẹ́ẹ̀ nínú báfù, mà. Ọmọ mi á máa pariwo, “Mọ́mì, ó ti ń yí!”

Fúnkẹ́: Òórùn aró yẹn! Nítorí rẹ̀ nìkan mo lè wọkọ̀ òfurufú lọ sí Abẹ́òkúta lálẹ́ yìí.

Kúnlé: Ẹ kọ́kọ́ yà ní Màpó.