Eku tí jíìnì wọn bára mu, àwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀?

ỌmọCamp: Ẹ jọ̀ọ́ ará Abẹ́òkúta, lẹ́kíṣọ̀ àná ò yé mi, báwo ni eku méjì tí jíìnì wọn ò yàtọ̀ rárá ṣe máa jẹ́ pé ọ̀kan yẹ́lò tó sanra bọ̀kọ̀tọ̀, èkejì búráùn?

Bọ̀dáLáàbù: Àbúrò, swíìṣì tó ń tan jíìnì ló yàtọ̀. Ègé DNA kan ló já síwájú jíìnì agouti (jíìnì àwọ̀ irun eku), tó ń tan jíìnì náà bí iná káàkiri ara, eku á yẹ́lò, á sì sanra; tí methyl (kẹ́míkà kékeré kan) bá ti lẹ̀ mọ́ ègé DNA yẹn, swíìṣì kú nìyẹn, eku á búráùn.

ÌyáLafẹ́nwá: Oúnjẹ ìyá ń kọ́?

Bọ̀dáLáàbù: Ẹ ṣé mà. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Waterland àti Jirtle, 2003, wọ́n fi folic acid, B12, choline àti betaine (èròjà tó ń ran ara lọ́wọ́ láti rí methyl) kún oúnjẹ abo eku, ọmọ búráùn sì pọ̀ sí i (eku là ń sọ o, kì í ṣe aboyún!). Ìyá tó yẹ́lò náà máa ń bí yẹ́lò ju ìyá búráùn lọ.